Láti Norfolk dé Florida nínú ọkọ̀ ìgbòkun nígbà ìwọ́wé: àwọn ìbéèrè tí ẹ ń bi wá jù

Láti ìgbà tí èmi àti ọkọ mi ti gbé ọkọ̀ ìgbòkun wa láti Annapolis ní ìpínlẹ̀ Maryland, tí a gba ọ̀nà omi lọ sí Florida, kò sí ìsọmọlórúkọ, kò sí ìpàdé ẹgbẹ́ tí a dé tí wọn kì í ká wa mọ́ igun ilé láti bi wá léèrè. Àwọn kan rò pé owó ló pọ̀ lápò wa. Àwọn kan rò pé orí wa ló dàrú. Mo kó ìbéèrè yín jọ síbí kí ẹnu mi lè sinmi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ojú sí àmì ohùn bí ẹ ṣe ń kà á: ọkọ mi ni mo fẹ́, ọkọ̀ wa ni a wọ̀. Èyí tó ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu nínú àwọn méjèèjì, mi ò ní sọ.

Ọ̀nà wo gan-an lẹ gbà? Ṣé orí òkun ni?

Rárá o. Ọ̀nà omi kan wà létí ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Intracoastal Waterway. ICW làwa tí a ń gbà á ń pè é. Ẹ fi ojú inú wo ọ̀sà Èkó: òkun wà níta, ilẹ̀ oníyanrìn tẹ́ẹ́rẹ́ wà láàárín, omi tó rọlẹ̀ wà nínú. Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ ojú omi láti Èkó lọ sí Ẹ̀pẹ́, tàbí láti Àgbádárìgì lọ sí Àjàṣẹ́, ti mọ irú ọ̀nà tí mò ń wí. Odò, ọ̀sà, ẹnu òkun àti odò àfọwọ́gbẹ́ ni wọ́n so pọ̀ mọ́ra títí ó fi di ọ̀nà kan ṣoṣo. US Army Corps of Engineers, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ iléeṣẹ́ ológun, ló ń tọ́jú rẹ̀. Norfolk ní Virginia ni máìlì òdo, Miami sì wà ní nǹkan bíi máìlì 1,090. Máìlì orí ilẹ̀ ni wọ́n fi ka èyí. Máìlì orí òkun fi díẹ̀ gùn jù ú lọ, ẹ má jẹ́ kí méjèèjì pòpọ̀ mọ́ yín lójú nígbà tí ẹ bá ń ṣírò.

Èèyàn lè gba orí òkun bó bá fẹ́, ó tilẹ̀ yá jù. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn Norfolk, Cape Hatteras ló dúró dè yín níta, ibi tí ọkọ̀ tó ti rì pọ̀ débi pé ibojì Àtìláńtíìkì ni wọ́n ń pe omi rẹ̀. Ọkọ̀ tiwa ò ju ẹsẹ̀ bàtà 32 lọ. A gba inú.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ìgbà ìwọ́wé?

Nítorí pé otútù ń lé yín bọ̀ lẹ́yìn, ìjì sì wà níwájú. Sáà ìjì líle tí wọ́n ń pè ní hurricane bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà, kì í sì í parí títí di ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá. Bí ẹ bá yára jù, ẹ lè pàdé rẹ̀ ní Georgia. Bí ẹ bá lọ́ra jù, ẹ ó máa fi ọwọ́ tó ti kú di okùn mú ní aago mẹ́fà àárọ̀ nígbà tí ìrì dídì bo ojú ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò kọ ọ́ sínú ìwé pé ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá ibì kan sí gúúsù kí ọjọ́ tí wọ́n dá tó pé. Ti ẹlòmíràn, ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ni. Ẹ ka tiyín dáadáa, wọn ò jọra.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rò ni ìmọ́lẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù kọkànlá, wọ́n ń dá aago padà sẹ́yìn ní Amẹ́ríkà, oòrùn á sì máa wọ̀ láìpẹ́ lẹ́yìn aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ọ̀nà yìí kì í ṣe èyí tí a ń rìn lóru: òpó àmì tí kò ní iná wà níbẹ̀, ìgèrè akàn wà níbẹ̀, igi tó léfòó wà níbẹ̀. Nítorí náà, nǹkan bíi wákàtí mẹ́wàá lẹ ní lójúmọ́. Ẹni tó bá sùn dẹ́yìn aago mẹ́jọ ti jẹ́ kí máìlì 10 bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwa kúrò ní Annapolis lẹ́yìn ìpàtẹ ọkọ̀ ìgbòkun tí wọ́n máa ń ṣe níbẹ̀ nínú oṣù kẹwàá. Ìparí oṣù náà la dé Norfolk, àárín oṣù kọkànlá la dé Charleston, a sì wọ Florida lẹ́yìn ọjọ́ Ìdúpẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà.

Ṣé ìgbòkun lẹ fi ń lọ lójoojúmọ́?

Ìbéèrè yìí máa ń dójú tì mí. Ẹ̀ńjìnì ni. Mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé nínú ọjọ́ mẹ́wàá, a ò ta ìgbòkun ju ọjọ́ méjì lọ. Ojú ọ̀nà tóóró ni, ó ń yí, ó ń kọ, afẹ́fẹ́ tó ń ti ọkọ̀ lẹ́yìn báyìí á di afẹ́fẹ́ àdojúkọ nígbà tí ẹ bá fi máa yí igun kan. Ibi tí ìgbòkun ti wúlò gan-an ni àwọn omi ńláńlá North Carolina: Albemarle Sound, odò Pungo, odò Neuse. Ní Neuse, afẹ́fẹ́ àríwá gbé wa bí ẹni gbé ọmọ tuntun, a pa ẹ̀ńjìnì, ọkọ mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Ìyẹn nìkan ni àbùkù ọjọ́ náà.

Ọjọ́ mélòó ló gbà? Epo mélòó?

Ọkọ̀ ìgbòkun kékeré á máa lọ bíi máìlì 6 ní wákàtí kan. Máìlì 1,090 á jẹ́ nǹkan bíi wákàtí 180 lórí ìrìn. Bí ẹ̀ńjìnì yín bá ń mu ìdajì gálọ́ọ̀nù dísẹ̀lì ní wákàtí kan, bíi 90 gálọ́ọ̀nù nìyẹn. Bó bá ń mu odidi kan, ẹ ṣe é ní ìlọ́po méjì. Nípa ọjọ́: bíi 25 ni ọjọ́ ìrìn, ṣùgbọ́n ẹ fi ọjọ́ òjò, ọjọ́ afẹ́fẹ́, ọjọ́ àtúnṣe àti ọjọ́ tí ẹ kàn fẹ́ sùn kún un. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méjọ kò pọ̀ jù.

Afárá pọ̀ lọ́nà. Báwo ni òpó ìgbòkun ṣe ń kọjá?

Ẹ wọn òpó yín kí ẹ tó ra oúnjẹ. Ẹ wọn ọ́n láti ojú omi dé ṣóńṣó, kí ẹ fi ọ̀pá rédíò orí rẹ̀ kún un. Afárá gíga tí kì í ṣí, ẹsẹ̀ bàtà 65 ni wọ́n fojú sùn fún gíga wọn nígbà tí omi bá kún. Èyí tó wà ní North Carolina tí wọ́n ń pè ní Wilkerson jẹ́ 64, Julia Tuttle tó wà ní Miami kò sì ju 56 lọ, nítorí náà ọkọ̀ tí òpó rẹ̀ ga gbọ́dọ̀ jáde sí òkun ní Fort Lauderdale kó tó lè dé Miami. Pátákó tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí wà lẹ́sẹ̀ ọ̀pọ̀ afárá, omi á fi hàn yín iye àyè tó ṣẹ́ kù. Òpó tiwa ò ju ẹsẹ̀ bàtà 46, síbẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ tí a gba abẹ́ afárá kan kọjá, àwa méjèèjì tẹ orí wálẹ̀.

Àwọn afárá tí kò ga, wọ́n ní láti ṣí i. Ẹ ó pe olùṣọ́ afárá lórí rédíò VHF: ìkànnì 13 ní Virginia àti North Carolina, ìkànnì 9 láti South Carolina dé Florida. Ẹ dá orúkọ afárá, kí ẹ sì fi ohùn jẹ́jẹ́ tọrọ, kì í ṣe ohùn àṣẹ. Ọ̀pọ̀ wọn ní aago tí wọ́n ń ṣí, àwọn kan ò sì ní dá ọkọ̀ lóhùn rárá nígbà tí àwọn oníṣẹ́ bá ń lọ síbi iṣẹ́ tàbí tí wọ́n ń bọ̀. Great Bridge ní Virginia máa ń ṣí nígbà tí aago bá lù gééré. A fi ìṣẹ́jú méjì pẹ́ débẹ̀. A yí po lójú kan náà fún wákàtí kan bí ẹni tó ń wá àyè páàkì ọkọ̀ ní Balógun, afẹ́fẹ́ ń tì wá sọ́tùn-ún, ìṣàn omi ń tì wá sósì. Láti ọjọ́ yẹn, afárá la fi ń ṣètò àárọ̀ wa.

Wọ́n ní ọ̀nà méjì ló jáde ní Norfolk. Èwo ló dára?

Òótọ́ ni. Ọ̀kan ni odò àfọwọ́gbẹ́ Albemarle àti Chesapeake, tí wọ́n ṣí ní 1859. Ó jìn, ó fẹ̀, ọkọ̀ ẹrù ńlá ń gbà á. Lọ́ọ̀kì kan ṣoṣo ló ní, ní Great Bridge: ẹ ó wọ inú rẹ̀, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á mú omi bá ti iwájú dọ́gba, wọ́n á sì tú yín sílẹ̀. Bí ẹ bá ń kánjú, tàbí tí ìdí ọkọ̀ yín wọ omi jìn, èyí ni kí ẹ gbà.

Èkejì gba inú àbàtà Great Dismal Swamp, òun ni mo ní kí a gbà. Máìlì 22 ni gígùn odò tí wọ́n gbẹ́ níbẹ̀, tó lọ tààrà bí ẹni fi rúlà fà á, igi tẹ̀ sí i láti apá méjèèjì, ewé pupa àti ewé ìyeyè ń já bọ́ sórí ọkọ̀. Omi rẹ̀ pọ́n bí àgbo. Oje igi ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ìdọ̀tí. Lọ́ọ̀kì méjì ló wà, Deep Creek lókè àti South Mills nísàlẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan á gbé yín sókè tàbí sọ̀ yín kalẹ̀ ní bíi ẹsẹ̀ bàtà 8. Omi ibẹ̀ kò jìn ju ẹsẹ̀ bàtà 6 lọ, igi tó ti rì sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìdí ọkọ̀ wa gbá igi. Bí ìjì bá ti jà tàbí tí ọ̀dá bá dá, wọ́n lè tì í pa, nítorí náà ẹ béèrè kí ẹ tó yà síbẹ̀.

Ọwọ́ ẹrú ló gbẹ́ ẹ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1793, ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á kọjá ní 1805. Òun ni àgbà nínú àwọn odò àfọwọ́gbẹ́ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà. Nínú ẹrẹ̀ tó dé ìbàdí ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ pẹ̀lú ṣọ́bìrì àti àáké. Inú àbàtà kan náà yìí sì ni ọ̀pọ̀ ẹrú sá wọ̀ tí wọ́n tẹ̀dó, nítorí pé ẹṣin àti ajá àwọn olówó wọn kò lè rìn ín. Atukọ̀ kan wà tó ń jẹ́ Moses Grandy, ẹrú ni, òun ló ń darí ọkọ̀ ẹrù lórí odò yìí. Ó san owó ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó gba òmìnira, torí àwọn olówó rẹ̀ méjì àkọ́kọ́ gbowó lọ́wọ́ rẹ̀, wọn ò sì tú u sílẹ̀. A so ọkọ̀ mọ́lẹ̀ níbẹ̀ lóru, ní ibùdó àlejò tó wà létí odò náà ní North Carolina, a ò san kọ́bọ̀. Mi ò gbọ́ ìró mọ́tò, mi ò gbọ́ ìró ẹnikẹ́ni. Oorun ò tètè kùn mí.

Ṣé omi jìn tó jálẹ̀? Bí ọkọ̀ bá há ńkọ́?

Lórí ìwé, ẹsẹ̀ bàtà 12 ni ó yẹ kí omi jìn láti Norfolk dé Fort Pierce ní Florida, lẹ́yìn náà 10 dé Miami. Orí ìwé nìyẹn o. Yanrìn kì í kàwé. Níbikíbi tí ẹnu òkun bá ti wà nítòsí, ìgbì á gbé yanrìn wọlé, á kó o sójú ọ̀nà, àwọn ẹlẹ́rọ á wá gbẹ́ ẹ nígbà tí owó bá wà. Bí ìdí ọkọ̀ yín bá wọ omi ju ẹsẹ̀ bàtà 5 lọ, ẹ ó máa ka ìṣẹ́jú nígbà mìíràn. Tiwa jẹ́ mẹ́rin àti ààbọ̀, a sì ka díẹ̀.

Ohun méjì ló ń gbé omi sókè tí ó sì ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ má fi ọ̀kan ṣe èkejì. Ní àwọn omi ńlá North Carolina, afẹ́fẹ́ ni. Òṣùpá kò fi bẹ́ẹ̀ rí wọn mú nítorí ilẹ̀ oníyanrìn ti dí wọn mọ́ òkun. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ láti ibì kan fún ọjọ́ méjì, á tì omi lọ sí òdìkejì, etí omi tí ẹ so ọkọ̀ mọ́ lánàá lè di ẹrẹ̀ lónìí. Láti South Carolina lọ sí Georgia, òṣùpá ni ọ̀gá. Omi á kún fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà, á fà fún mẹ́fà, lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọjọ́ kan. Ní Georgia, ìyàtọ̀ àárín kíkún àti fífà rẹ̀ máa ń tó ẹsẹ̀ bàtà 7 sí 9, ìyẹn ju ènìyàn tó dúró lọ. Koríko àbàtà tí ẹ rí ní òwúrọ̀ á ti di ògiri ẹrẹ̀ ní ọ̀sán.

Ibẹ̀ la ti há. Odò Little Mud, orúkọ rẹ̀ ti sọ fún wa, a ò gbọ́. Ó ku wákàtí méjì kí omi fà tán, a rò pé a lè yọ́ kọjá. Ìdí ọkọ̀ kọ́kọ́ rọra fọwọ́ kan ẹrẹ̀, bí ẹni fẹ́ jókòó, lẹ́yìn náà ó jókòó ní tòótọ́. Ọkọ mi fún ẹ̀ńjìnì ní gbogbo agbára tó ní, ẹrẹ̀ dúdú rú sókè lẹ́yìn wa, a ò mira. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀gbẹ́ díẹ̀díẹ̀. A ju ìdákọ̀ró sápá ibi tí omi ti jìn, a dì í mú, a pọn omi sínú gààrì, a jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ bí ẹni jókòó lórí òrùlé. Wákàtí mẹ́rin lẹ́yìn náà, omi tó gbé wa jù síbẹ̀ padà wá, ó gbé wa, kò béèrè nǹkan kan. Bó bá jẹ́ ìgbà tí omi kún jù lọ la há ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá burú, nítorí ó lè má kún tó bẹ́ẹ̀ mọ́ fún ọjọ́ púpọ̀. Òfin tiwa látìgbà náà: ibi tí omi ò bá ti jìn, ìgbà tí omi ń kún là ń gbà á, pàápàá lẹ́yìn tó bá ti kún dé ìdajì.

Ẹ ra ètò àwòrán ojú omi tó ń gbé ìwọ̀n tuntun tí Army Corps ṣe wá sórí fóònù. Aqua Map ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ẹ sì forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú TowBoatUS tàbí Sea Tow, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń fa ọkọ̀ tó bá há, kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ tó wá pe ọkọ̀ tó ń fa ọkọ̀, owó tí wọ́n máa bù fún un á dùn ún dé egungun.

Àwọn àmì pupa àti aláwọ̀ ewé yẹn máa ń rú mi lójú.

Tí ẹ bá ń lọ sí gúúsù, pupa lọ́wọ́ ọ̀tún, aláwọ̀ ewé lọ́wọ́ òsì. Ibi tó ti ń dojú rú ni ibi tí ẹnu òkun tàbí odò ńlá bá ti pàdé ọ̀nà yín, torí àwọn àmì ibẹ̀ lè jẹ́ ti àwọn tó ń wọlé láti òkun. Ẹ wá àmì kékeré aláwọ̀ ìyeyè lára òpó: èyí tó ní igun mẹ́ta, ẹ fi í sọ́tùn-ún, onígun mẹ́rin, ẹ fi í sósì, ohun yòówù kí àwọ̀ òpó náà jẹ́. Ẹ tún máa wẹ̀yìn. Ìṣàn omi lè máa tì yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà tí iwájú ọkọ̀ ṣì kọjú sí àmì tó kàn, ẹ̀yìn nìkan ló máa ń tú àṣírí yẹn.

Ṣé a nílò láísẹ́ńsì? Ṣé wọ́n ń dá ènìyàn dúró lórí omi?

Fún ìgbafẹ́, ẹ kò nílò ìwé ọ̀gá atukọ̀. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní òfin ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Virginia fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń wa ọkọ̀ tí ẹ̀ńjìnì rẹ̀ tó agbára ẹṣin 10 ti ṣe ẹ̀kọ́ náà. Florida fẹ́ ẹ lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n bí ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1988 tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Èèyàn lè ṣe é lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Coast Guard, àwọn ẹ̀ṣọ́ etí òkun, lè wọ ọkọ̀ yín láti yẹ̀ ẹ́ wò láìmú ìwé ilé-ẹjọ́ dání, òfin fún wọn láyè. Wọ́n wọ tiwa lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n béèrè ìwé ọkọ̀, ẹ̀wù ìléfòó, ohun èlò ìpaná àti iná àfipeni tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá. Wọ́n yẹ táǹkì ìgbọ̀nsẹ̀ wò pé a kò dà á sómi. Ìṣẹ́jú 20, ó tán, wọ́n kí wa, wọ́n lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ní káàdì ìgbélùú, ẹ mú un dání; òfin ní kó wà lára yín nígbà gbogbo, omi kò yọ ọ́ sílẹ̀. Ní North Carolina, àwọn ọmọ ogun Camp Lejeune náà lè dá yín dúró fún wákàtí mélòó kan, torí ìbọn wọn ń gba orí omi kọjá. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí èèyàn ń bá wọn jiyàn.

Mi ò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ṣé mo lè lọ?

Ẹ kọ́kọ́ kọ́ ọ. Mo mọ ohun tí wọ́n sọ fún wa nílé nípa omi, màmá mi béèrè lọ́wọ́ mi bóyá Yemọja ló ń pè mí. Ọmọ ọdún 38 ni mí nígbà tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń wẹ̀, láàárín àwọn ọmọ ọlọ́dún mẹ́fà. Ẹ̀wù ìléfòó kọ̀ọ̀kan fún ẹni kọ̀ọ̀kan ni òfin wí, ọmọ tí kò tíì pé 13 sì gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ níta nígbà tí ọkọ̀ bá ń lọ. Èmi máa ń wọ tèmi lóru bí mo bá fẹ́ jáde síta, kódà nígbà tí ọkọ̀ dúró.

Níbo lẹ ń sùn?

Nínú ọkọ̀. A máa ń ju ìdákọ̀ró sí inú odò kékeré kan tó yà kúrò lójú ọ̀nà, ọ̀fẹ́ ni. Ìṣirò rẹ̀ ní Georgia rèé: bí omi bá jìn ní ẹsẹ̀ bàtà 10 nígbà tó fà, á di 18 nígbà tó bá kún, ẹ fi gíga iwájú ọkọ̀ kún un, kí ẹ wá tú okùn ní ìlọ́po márùn-ún. Ẹni tó bá fi 10 ṣírò á jí sí àárín ibòmíràn. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, a máa ń wọ èbúté àwọn ọkọ̀ ìgbafẹ́ láti ra omi àti epo, láti fọ aṣọ, àti láti fa táǹkì ìgbọ̀nsẹ̀.

Kí lẹ ń jẹ?

Gààrì ni ọba inú ọkọ̀. Kò nílò firíìjì, kò nílò iná, èèyàn lè mu ún nígbà tí ìgbì bá ń jù ú síwá sẹ́yìn. Sítóòfù oníná méjì la ní, nítorí náà ọbẹ̀ ata tí mo ti dín nílé tí mo sì dì ló gbé wa dé North Carolina. Lẹ́yìn ìyẹn, edé! Ní South Carolina àti Georgia, ọkọ̀ apẹdé ń wọlé ní ìrọ̀lẹ́, èèyàn á sì rà á lọ́wọ́ wọn pẹ̀lú orí rẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ ń gé orí rẹ̀ jù nù. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi tèmi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ṣé ẹ rí nǹkan tó kan àwa Yorùbá lọ́nà?

Mo ti ń dúró de ìbéèrè yìí. Ẹ dúró ní Beaufort, South Carolina, ní nǹkan bíi máìlì 536. Òmíràn tún wà ní North Carolina tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ bákan náà, ẹ má ṣì wọ́n. Ẹ fi ọkọ̀ sílẹ̀ létí omi, kí ẹ wá mọ́tò lọ sí Sheldon, kò jìn. Ibẹ̀ ni abúlé Ọ̀yọ́túnjí wà. Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú ló dá a sílẹ̀ ní 1970. Olórí wọn nígbà náà, Ọba Ẹfúntọ́lá Oseijeman Adéfúnmi, ni a wá fi jọba ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1981. Ojúbọ Ṣàngó, ti Ọ̀ṣun, ti Yemọja, gbogbo wọn wà lábẹ́ igi tó ní irùngbọ̀n ewé. Obìnrin kan kí mi pé "ẹ káàbọ̀" pẹ̀lú ohùn ìpínlẹ̀ náà. Mo dáhùn, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n tún un sọ kí òun lè gbọ́ bí ohùn ṣe ń lọ. A dúró lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn fún ìgbà díẹ̀. Ọkọ mi, tí baba rẹ̀ jẹ́ díákónì, dúró sẹ́nu ọ̀nà títí. Nígbà tó yá, ó wọlé.

Ní Beaufort kan náà ni wọ́n bí Robert Smalls, ẹrú tó jẹ́ atukọ̀. Ní òru ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún 1862, nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, ó gbé ọkọ̀ ológun àwọn ará gúúsù kan tó ń jẹ́ Planter ní Charleston nígbà tí àwọn ọ̀gá sùn sílé. Ó kó ìyàwó, ọmọ àti ẹbí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sínú rẹ̀, ó fun fèrè tó yẹ níwájú odi kọ̀ọ̀kan, ó sì kọjá lọ bá àwọn ọkọ̀ ìjọba àpapọ̀. Nígbà tó yá, ó ra ilé ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́, ó sì di aṣòfin ní Washington. Ẹ ó gba ojú omi èbúté Charleston kọjá fúnra yín. Ẹ rí i bí ìṣàn omi ibẹ̀ ṣe le, kí ẹ wá ronú pé òru ló gbà á, kò sì sí iná. Ní etí omi ìlú náà, ní Gadsden's Wharf tí wọ́n ti ń já ẹrú kalẹ̀, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn ọmọ Áfíríkà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ṣí ní 2023 wà níbẹ̀. Ẹ ya odidi ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún un.

Ní erékùṣù St. Simons ní Georgia, odò Dunbar ni àwọn Igbo tí wọ́n kó lẹ́rú ti kọ̀ ní 1803, tí wọ́n wọ inú omi dípò oko ẹrú. A pa ẹ̀ńjìnì níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ní àríwá St. Augustine sì ni Fort Mose, tí àwọn ará Sípéènì fún àwọn tó sá kúrò lóko ẹrú ní 1738 láti máa gbé ní òmìnira. Gúúsù làwọn náà sá lọ.

Ẹranko ńkọ́?

Ẹja dọ́fìn á máa bá ọkọ̀ sáré, ẹyẹ òfú á máa jókòó lórí òpó bí àgbà ìjọ. Ẹṣin ìgbẹ́ ń jẹ̀ létí òkun ní Cumberland Island. Ìbátan ọ̀nì wà nínú omi tí kò níyọ̀, ẹ má ki ọwọ́ sódò Waccamaw. Èyí tó dà mí láàmú jù ni kòkòrò kan tó kéré débi pé nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ò dá a dúró.

Ṣé a lè kọjá sí Bahamas?

Ọ̀pọ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀. Láti Miami dé Bimini, erékùṣù Bahamas kan, jẹ́ bíi máìlì orí òkun 45, ṣùgbọ́n Gulf Stream wà láàárín, odò ńlá inú òkun tó ń ṣàn lọ sí àríwá láìsinmi. Bí afẹ́fẹ́ bá ń bọ̀ láti àríwá, yóò dojú kọ ìṣàn yẹn, ìgbì á dìde dúró bí ògiri. Ẹ dúró títí afẹ́fẹ́ á fi kúrò ní àríwá pátápátá. Àwọn kan ń dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àwa dúró fún ọjọ́ mẹ́sàn-án ní Lake Worth ní Florida, ìsinmi tán, a ò lọ. Mi ò kábàámọ̀.

Ẹ wá lọ sílé fún Kérésì. Ọkọ̀ ńkọ́?

A fi í sílẹ̀ ní ọgbà ọkọ̀ kan ní Florida, wọ́n gbé e sórí ilẹ̀. A tú ìgbòkun, a kó gbogbo ohun tó lè hu èébu kúrò, a pa ẹnu ihò omi dé, a sì fi gààrì tó ṣẹ́ kù ta ọ̀gá ọgbà lọ́rẹ. Ìgbà ìrúwé, nínú oṣù kẹrin, la tún máa gbé e padà sí àríwá kí sáà ìjì tó dé. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ńjìnì sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn kí ẹ tó wọ bàlúù. Tiwa wà nínú àpò ṣòkòtò ọkọ mi ní Ìbàdàn, ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fi ń pè wá láti Florida pé àwọn ń wá a.